Ègé Ara Tí Kò Níwèé: Bí A Ṣe Ń Ṣàkóso Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ọmú ní Èkìtì

Iṣẹ́ alákòóso ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, kì í sì í ṣe ti akọ̀wé lásán. Bí wọ́n bá gé kókó kúrò lọ́mú obìnrin kan ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní Adó-Èkìtì láàárọ̀ yìí, dókítà tó gé e ti ṣe tirẹ̀, ẹni tí yóò wò ó nínú máíkírósíkóòpù kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀; àárín àwọn méjèèjì ni alákòóso ń gbé. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni pé, ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá, kí a lè sọ ara ẹni tí ègé yẹn ti wá, aago tí wọ́n gé e, ẹni tó gbé e, ẹni tó gbà á, kí a sì lè fi ìwé hàn pé ẹni tó ni ín gbà pé kí a lò ó. Ègé ara tí a kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lé lórí, bó ti wù kí fìríísà tó wà nínú rẹ̀ tutù tó, ẹran lásán ni.

Irú ìwádìí tí mò ń sọ yìí ni èyí tí ń gbé ohun tí wọ́n bá rí ní lábù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, tó sì tún ń gbé ohun tí wọ́n kíyè sí lára aláìsàn padà wá sí lábù. Ti HER2 ni àpẹẹrẹ tó tètè ń yé ènìyàn. Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn obìnrin tí jíìnì tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ kọjá ààlà nínú kókó ọmú wọn ni àìsàn náà ń tètè padà sí lára. Ní 1998, àwọn aláṣẹ oògùn níbẹ̀ fọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tó dojú kọ HER2 yẹn gan-an. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín. Àwọn ènìyàn máa ń yin oògùn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi máa ń ronú nípa àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, àwọn tó tọ́jú ègé kókó pamọ́ tí wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ara obìnrin tó ni ín ṣe rí lẹ́yìn náà pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí àwọn wọ̀nyẹn, kò sí ìwé 1987.

Ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wáyé lọ́dọ̀ tiwa náà kò fara sin. Oríṣi kókó tí kò ní ER, tí kò ní PR (ibi tí àwọn họ́mọ̀nù obìnrin, estrogen àti progesterone, ti ń dì mọ́ kókó), tí kò sì ní HER2, èyí tí oògùn tó ń dojú kọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kò lè ràn lọ́wọ́, wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn obìnrin Yúróòpù lọ. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé wà lára wọn, tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n yẹ jíìnì obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ ló jẹ́ pé àbùkù tí wọ́n jogún nínú jíìnì bíi BRCA1 àti BRCA2 ló fà á. Oníṣègùn á ka ìyẹn, á ronú nípa ìtọ́jú. Alákòóso á kà á, á ronú pé ìwé ìyọ̀ǹda 1,136 nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀kan tó sọnù.

Ìwé àṣẹ

Ẹ má ṣe gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí yóò fi dé ọwọ́ yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ló fi ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHREC múlẹ̀, ìwé ìlànà tí àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé sì ti wà láti 2007. Bí iṣẹ́ yín yóò bá wáyé ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tí yóò sì tún wáyé ní ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, ẹ má ṣe rò pé ìwé ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ẹ kọ̀wé sí ibi méjèèjì, kí ẹ sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Bí oògùn tuntun bá wà nínú rẹ̀, ti NAFDAC tún yàtọ̀, ìyẹn sì tó ohun tí a ń kọ ìwé mìíràn lé lórí.

Ọjọ́ tí àṣẹ yóò parí máa ń wà lára ìwé náà, ọdún kan ni wọ́n sì sábà máa ń fúnni. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sára ògiri ọ́fíìsì níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i, kí ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ kọ ìyẹn náà pẹ̀lú bírò pupa: ọjọ́ yẹn ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìsọdọ̀tun. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn, ìyanṣẹ́lódì sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ohun tó ti ṣe mí ní jàǹbá rí lórí ọ̀rọ̀ ìwé kò ju nǹkan kékeré kan lọ. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, ìgbìmọ̀ ní kí a fi gbólóhùn kan kún ìwé ìyọ̀ǹda, a fi kún un, wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí tábìlì kíliníìkì, kò sì sí ẹni tó kó o kúrò. Nígbà tí mo máa fi ṣàyẹ̀wò fáìlì lópin oṣù, obìnrin mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sí ìwé tí kò bójú mu mọ́. A ní láti kọ̀wé jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀, a sì ní láti wá àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ bá ọmọ rẹ̀ l'Ékòó. Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé ìyọ̀ǹda tí mo bá tẹ̀ ló ní nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ pépà sì máa ń yí padà bí ẹ̀dà bá ti yí padà. Ẹni tó bá rí pépà funfun lọ́jọ́ tí a ti ń lo olómi ọsàn yóò mọ̀ kó tó kà á.

Ìyọ̀ǹda

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Ẹ má ṣe gbé ìwé ìyọ̀ǹda síwájú obìnrin lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá nà sí i ni yóò tẹ̀ka sí, ìtẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kò sì níyì. Ẹ jẹ́ kó lọ sílé, kó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́, kó padà wá. Bó bá ní òun fẹ́ bi ọkọ òun tàbí àkọ́bí òun léèrè, ẹ má ṣe fajú ro, àṣà wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ti ọkọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò tẹ̀ka níṣojú ẹlẹ́rìí tó mọ̀wé kà, ẹlẹ́rìí náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìwádìí.

Gbogbo àwọn tó ń wá sí kíliníìkì ló ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. N kì í bá wọn jiyàn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti ẹni tí mo fẹ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Màmá, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ kò ṣe, ìtọ́jú yín kò ní yí padà, inú kò sì ní bí dókítà." Ẹ sọ ọ́ báyìí, ẹ tún un sọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé ohun tí ẹ bá mú wá jẹ́ ara ìtọ́jú, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ̀, wọn kò ní dá àwọn lóhùn mọ́.

Èdè ìwé náà ṣe pàtàkì. Yorùbá tó jáde láti orí kọ̀ǹpútà ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí a lè kà sétí àgbàlagbà láti Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò kó sì yé e. Ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá mọ èyí. "Ulera Wa" ni wọ́n sọ ètò adójútòfò ìlera wọn, ulera ni àwa Èkìtì ń pe ìlera, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú, kì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbá ilẹ̀, kí ẹ ka ìwé náà sí i létí, kí ẹ wá ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ tún kọ, kí ẹ sì gbé àtúnkọ náà padà fún ìgbìmọ̀ kí ẹ tó lò ó.

Màmá kan láti agbègbè Ìjerò, oníṣòwò ẹja dídì, gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹran ara tí ẹ bá gé yìí, ibo gan-an lẹ ń gbé e lọ?" Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé láàárín wa náà mọ̀ ọ́n. N kò bá a jiyàn, n kò sì rẹ́rìn-ín. Mo mú un lọ sí lábù, mo ní kí wọ́n ṣí fìríísà ńlá fún un ní ìṣẹ́jú kan, kó rí àwọn àpótí kéékèèké tó ní nọ́ńbà lára. Òtútù rú jáde bí èéfín. Ó ní, "Háà, èyí tutù ju tèmi lọ." Ó tún dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí iná bá lọ ńkọ́?" Màá padà sórí ìbéèrè yẹn. Ó fọwọ́ sí ìwé lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ má ṣe fi ìbéèrè kan ṣoṣo gba ohun gbogbo. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí obìnrin náà lè gba ọ̀kan kó kọ èkejì: ṣé a lè lo ègé kókó rẹ̀ fún ìwádìí yìí, ṣé a lè tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù fún ìwádìí ọjọ́ iwájú, ṣé a lè yẹ jíìnì tó jogún wò, ṣé a lè fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, àti pé bí a bá rí ohun tó kan ìlera rẹ̀ tàbí ti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣé ó fẹ́ kí a sọ fún un. Ìdáhùn márùn-ún yìí gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, nítorí bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí ẹnì kan bá ní kí a kó ègé ogójì ránṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò ráyè ṣí fáìlì ogójì láti wo ẹni tó ní òun kò fẹ́.

Nọ́ńbà, pẹ́ńsù àti aago

Ọjọ́ tí obìnrin bá ti gbà ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò lára ohun gbogbo tí yóò wọ lábù. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tí kò ní ọjọ́ ìbí, orúkọ ìlú tàbí nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn nínú. Ká ní ẹni kẹtàdínláàádọ́jọ ni, EK-0147 tó. Kókó rẹ̀ lè jẹ́ EK-0147-K, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ EK-0147-J. Ìwé kan ṣoṣo ló so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, inú àpótí irin ló ń gbé, ènìyàn méjì péré ló sì gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gbẹgẹ́ jù, nítorí náà àwọn dókítà wa tó ń ya fọ́tò káàdì aláìsàn sórí WhatsApp kí iṣẹ́ lè yá ní láti jáwọ́. Mo mọ̀ pé wọn kò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára àpótí ike kéékèèké tí wọ́n ń kó ègé ara sí ní lábù. Bírò á ṣá, ọtí àti kẹ́míkà á fọ̀ ọ́ nù, ẹ óò wá ní ègé tó dára tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ti aago ló le jù. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gé kókó kúrò lára, ó ti ń bàjẹ́; ìlànà tí àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ara ń tẹ̀ lé fún àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 ni pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kó tó wọ inú fọ́málìn, omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ègé ara bàjẹ́, kó sì wà nínú fọ́málìn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún náà fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ju 72 lọ. Bó bá kọjá ibẹ̀, ohun tó wà nínú kókó lè dà bí ohun tí kò sí, wọ́n á sì sọ fún obìnrin kan pé oògùn kan kò lè ràn án lọ́wọ́ nígbà tó lè ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ gba orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tíátà, kí ẹ fi wé ìwé àwọn tó ti gbà. Láàárọ̀, ẹ gbé ike tó ti ní nọ́ńbà lára lọ, pẹ̀lú fọ́málìn tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá kókó náà, àti ìwé kékeré tó ní àyè mẹ́rin: aago tí wọ́n gé e, aago tó kúrò ní tíátà, aago tó dé lábù, aago tó wọ fọ́málìn. Ẹni tó bá ṣe é ni yóò kọ ọ́, lójú ẹsẹ̀. Aago tí wọ́n bá kọ nírọ̀lẹ́ àròsọ ni. Pọ́tà tó ń gbé ike náà gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ yà kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Èmi máa ń jókòó ti àwọn pọ́tà, mo máa ń ṣàlàyé ER fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún dókítà kékeré, àwọn gan-an ló sì sọ fún mi pé aago ara ògiri tíátà fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yára ju ti lábù lọ. Oṣù mẹ́rin ni a ti fi ń kọ irọ́ láìmọ̀. Ẹ mú gbogbo aago bára mu ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ Ẹtì. Kókó tó bá wọ fọ́málìn ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí lábù bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 66 ló ti lò. Ó ṣì wà nínú ìlànà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Ajé bá jẹ́ ọjọ́ Iléyá tàbí ìsinmi mìíràn tí ìjọba kéde, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò tó fọwọ́ kàn án, wákàtí 90 sì nìyẹn. Ẹ fi kàlẹ́ńdà ìsinmi sí iwájú yín, kí ẹ bá ọ̀gá lábù ṣètò ẹni tí yóò wá, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣàì yé ẹnikẹ́ni: àyẹ̀wò obìnrin náà ló ṣáájú. Dókítà tó ń yẹ ègé ara wò ní lábù ni yóò kọ́kọ́ mú èyí tó nílò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti ìwádìí. Bí kókó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣẹ́ kù, kí ẹ máa lọ.

Bí iná bá lọ

Ìbéèrè màmá ẹlẹ́ja yẹn ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ra fìríísà. Fìríísà ìwádìí ń wà ní òtútù 80 nísàlẹ̀ òdo. Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, a ní jẹnẹrétọ̀ tó lágbára, a ní díísù nínú tánkì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ wà lápò ẹnì kan tó ti lọ síbi òkú tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìkọ̀lé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mọ ẹni tí yóò pè. Nígbà tí a máa fi gbọ́, ẹni tó bá ti dé ló ń ṣí fìríísà láti wò ó bóyá ó ṣì tutù, ìyẹn ló sì pa àwọn ègé náà ju àìsí iná lọ. Mo rántí pé nígbà tí màmá náà béèrè, ó ti sọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e: "Àwa, bí wọ́n bá ti múná lọ, a kì í ṣí i rárá." Ẹni tó ń ta ẹja ti mọ ohun tí àwa tó ní ìwé ẹ̀rí kò rántí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí. Ìwé ńlá kan wà lára ilẹ̀kùn fìríísà: Ẹ MÁ ṢE ṢÍ I BÍ INÁ BÁ LỌ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí òkú kan má baà kó gbogbo wọn lọ. Ẹ̀ṣọ́ ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń ka òtútù sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí kan ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá kà á sì ń buwọ́ lù ú. Ègé obìnrin kọ̀ọ̀kan pín sí méjì nínú fìríísà méjì tí kò sí lórí wáyà kan náà. Bí ìyanṣẹ́lódì bá bẹ̀rẹ̀, a kì í gba ẹnikẹ́ni sínú ìwádìí, ṣùgbọ́n kíka òtútù kì í dúró. Ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ èyí ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti géètì pa.

Owó àti àwọn tí a jọ ń ṣe é

Lórí owó n kò ní pẹ́. Ẹ kọ díísù sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ "oríṣiríṣi". Ẹni tó ń ta á lẹ́bàá títì kò ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ mú ìwé rìsíìtì yín lọ kó buwọ́ lù ú. Láti 2015 tí owó àwọn ilé iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ti ń gba inú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA, ìwé owó máa ń rin ìrìn àjò kó tó di sísan, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ béèrè fún un kí èyí tó wà nílẹ̀ tó kù díẹ̀. Owó ọkọ̀ tí ẹ ṣèlérí fún àwọn obìnrin, ọjọ́ tí wọ́n bá wá ni kí ẹ san án, lọ́wọ́. Ẹni tó wọkọ̀ wá láti Ẹ̀fọ̀n kò gbọdọ̀ gbọ́ pé bọ́sà ti lọ sílé.

Bí ègé ara yóò bá lọ sí òkè òkun, ìwé àdéhùn ìfiránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì ti rí i. Ẹ kọ sínú rẹ̀ iye tó ń lọ, ohun tí wọn yóò fi ṣe, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ègé tí wọ́n ti rì sínú ìda ní lábù kó má baà bàjẹ́ kò nílò yìnyín. Èyí tó dì nílò yìnyín gbígbẹ, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ 78.5 nísàlẹ̀ òdo, àmì UN1845 sì gbọ́dọ̀ wà lára àpótí fún yìnyín náà, UN3373 fún ègé ara fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì. Inú ilé ẹrù pápákọ̀ òfurufú ni yóò ti lo òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ orúkọ ara ìwé nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà. Ta ni orúkọ rẹ̀ yóò wà níwájú, ta ni yóò wà lẹ́yìn, kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wà níbẹ̀ rárá? Mo ti rí iṣẹ́ tí ọmọ Èkìtì fi ọdún mẹ́rin kó ègé rẹ̀ jọ, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀, níbi ìdúpẹ́, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ìpàdé ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kó sì parí kí òórùn iyán tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ojú ewé kan ni àkọsílẹ̀ rẹ̀: ohun tí a fẹ́ ṣe, orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. "A ó wò ó" kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

Fóònù àti èsì

Ègé kókó tí a kò mọ bí ara ẹni tó ni ín ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan àti bóyá ẹni náà mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀, láti Adó ni" ti tó. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹ̀ka kankan. Ẹ má ṣe pè lọ́jọ́ ọjà ìlú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ti wà ní ilé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìbá a wí, kí ẹ sọ fún un pé ilẹ̀kùn kíliníìkì ṣì ṣí sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ní ó ti kú, ẹ kọ́kọ́ bá wọn kẹ́dùn dáadáa, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ béèrè ọjọ́ tó kú.

Èsì ni mo fi sẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ti ń gbàgbé obìnrin náà. Èsì jíìnì tó jogún kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí fóònù: ẹni tó ní òun fẹ́ mọ̀ nìkan ni a ń sọ ọ́ fún, lẹ́yìn tí a bá ti tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn yẹ̀ wò, níwájú dókítà tó lè ṣàlàyé ohun tó kan àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ER, PR àti HER2 yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wa ni kò rí owó san fún àyẹ̀wò wọ̀nyí, nígbà tí lábù ìwádìí sì ti ṣe é fún wọn, èsì náà wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò ní orúkọ, tí dókítà tó ń tọ́jú wọn sì ń fojú díwọ̀n bóyá kí òun fún wọn ní tamoxifen, oògùn tó wà fún kókó tó ní ER. Bí dókítà lábù bá ti fọwọ́ sí i pé èsì náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ìtọ́jú, ẹ ṣí àpótí irin, ẹ wo ẹni tó ni nọ́ńbà náà, ẹ tẹ èsì sórí pépà, ẹ fi sínú káàdì rẹ̀. Ẹ má fi rán pọ́tà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lé orí tábìlì dókítà rẹ̀, kí ẹ dúró títí yóò fi kà á, kí ẹ sì ní kó buwọ́ lu ìwé yín pé òun ti rí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.